Kòkòrò Àjèjì àti Ooru Ilẹ̀ Tí Ó Wọ̀

Ní ọdún 2016 ni àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà kọ́kọ́ rí kòkòrò kan tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, tí ó ń jẹ àgbàdo wọn run. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ooru tàbí òtútù ibì kan yóò lé irú àjèjì bẹ́ẹ̀ padà, kí ó fetí sí ìtàn eṣinṣin kékeré kan.

Ilẹ̀ Yúróòpù ni eṣinṣin náà ti ṣẹ̀. Drosophila subobscura ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ní Yúróòpù, ìyẹ́ àwọn tí ń gbé ìhà àríwá, níbi tí òtútù gbé pọ̀, tóbi ju ti àwọn ará gúúsù lọ. Ní ọdún 1978 a rí i ní ilẹ̀ Ṣílè. Ní ọdún 1982, a rí i ní Àríwá Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí ọdún 10 lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ wọn ìyẹ́ wọn, wọn kò rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọdún 20, wọ́n tún un wọ̀n: láti California títí dé British Columbia ní Kánádà, ìyẹ́ àwọn abo ń tóbi sí i bí a ti ń lọ sí àríwá, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Yúróòpù.

Ohun méjì ni kí a má ṣe dà pọ̀. Ọ̀pọ̀ kòkòrò tí ó bá dàgbà nínú ooru a máa tètè gbó, wọn kì í sì í tóbi púpọ̀. Àwọn tí ó bá dàgbà níbi tí ó tutù a máa pẹ́ kí wọ́n tó gbó, wọn a sì tóbi. Èyí kò ju ọ̀ràn ara ẹyọ kòkòrò kan lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ kó eṣinṣin jọ láti ìlú púpọ̀, tí wọ́n sì sin àwọn ọmọ wọn nínú ìwọ̀n ooru kan náà, ìyàtọ̀ náà kò parẹ́. Ó ti di àjogúnbá. Síbẹ̀, apá ibi tí ìyẹ́ wọn gbé gùn ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ibi tí ó gbé gùn ní Yúróòpù: ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Kí ni èyí kàn wá? Ilẹ̀ wa ní etíkun olóoru, ó ní òkè Jos tí ó tutù, ó sì ní ilẹ̀ gbígbẹ ní àríwá. Bí a bá fi àyè sílẹ̀ fún kòkòrò àjèjì, ó lè jẹ́ pé kì í ṣe òun gan-an ni a ó máa bá jà lẹ́yìn ogún ọdún, bí kò ṣe àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ tí ara wọn ti bá ilẹ̀ náà mu. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èso tàbí irúgbìn pamọ́ sínú ẹrù wọ ibodè. Kí àgbẹ̀ tí ó bá rí kòkòrò tí kò mọ̀ rí sì tètè sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.