Kílọ́ọ̀ṣì Tó Ń Ṣe Ségesège: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Yẹ̀ Wò Kí Wọ́n Tó Sọ Jíà Kalẹ̀

Ìwé ìlàlóye fún awakọ̀ èrò àti ẹni tó ní ọkọ̀ tí a ń fọwọ́ fi jíà sí

Láàárọ̀, jíà ń wọlé wẹ́rẹ́. Tó bá di ọ̀sán nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì, jíà kìn-ín-ní á kọ̀, ríbáàsì á máa dún gàràgàrà. Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó fi jíà sí i, kò rí nǹkan kan. Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń náwó dànù nìyí: wọ́n á ní kí wọ́n sọ jíà kalẹ̀, wọ́n á ra pléètì tuntun, lọ́jọ́ kejì jíà á tún kọ̀. Pléètì tó ti jẹ máa ń yọ̀ ni. Kì í sábà jẹ́ òun ló ń kọ jíà.

Ó ń kọ jíà ni, àbí ó ń yọ̀?

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì fi gbogbo jíà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá wọlé dáadáa, tí wọ́n sì kọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kílọ́ọ̀ṣì kò já ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ tán. Bí jíà bá ṣòro láti wọlé nígbà méjèèjì, ọ̀pá jíà tàbí inú jíà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Èyí tó ń yọ̀ ní tirẹ̀, ẹ óò mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ bá kó èrò kún, tí ẹ ń gun òkè Mápó: ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò yára, òórùn jíjóná gba inú ọkọ̀. Ó lè jẹ́ pléètì ló jẹ, tàbí kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa jò sí i lára, tàbí kó jẹ́ pé awakọ̀ ló sọ pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì di ibi ìgbẹ́sẹ̀lé.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ràgì wò

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ràgì méjì tí wọ́n tẹ́ léra, tàbí èyí tó ká jọ sábẹ́ pẹ́dà, kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Lónìí ó ká jọ, lọ́la kò ká jọ, wàhálà náà á sì máa lọ, á máa bọ̀. Ẹ kó wọn kúrò kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Ọkọ̀ tó ń fi ọ́ìlì tẹ kílọ́ọ̀ṣì

Toyota HiAce àti Peugeot 504 wà nínú irú èyí. Pọ́ǹpù kan wà lókè lẹ́yìn pẹ́dà, òmíràn wà nísàlẹ̀ lára jíà. Nígbà tí jíà bá kọ̀, ẹ tẹ pẹ́dà lẹ́ẹ̀mẹta kíákíá. Bí ó bá wọlé lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ ti wọ inú ọ́ìlì, tàbí rọ́bà inú pọ́ǹpù òkè ti ń jẹ́ kí ọ́ìlì sá padà. Nínú gbogbo àmì tó wà nínú ìwé yìí, èyí ni kí ẹ má gbàgbé láti sọ fún mẹkáníìkì.

Ìdánwò kan tún wà. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró níwájú ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ẹ tẹ bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì pọ̀, ẹ fi jíà kìn-ín-ní sí i, kí ẹ wá dẹ bíréèkì díẹ̀ láì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, tó wá ń fẹ́ rìn fúnra rẹ̀ láìpẹ́, ọ́ìlì ń sá.

Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn pẹ́dà, ẹ ká rọ́bà ẹnu pọ́ǹpù ìsàlẹ̀ sókè. Ibi tó tutù ni kí wọ́n tún ṣe. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, inú ilé jíà ni pọ́ǹpù ìsàlẹ̀ wà. Bí ọ́ìlì bá ń lọ sílẹ̀ tí ẹ ò rí ibi tó tutù, ìgbà yẹn ni sísọ jíà kalẹ̀ tó nídìí.

Ọ́ìlì bíréèkì ni wọ́n ń lò nínú pọ́ǹpù méjèèjì, ó sì máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Tó bá ti gbó, ooru ẹ́ńjìnnì lè mú kó hó, kí pẹ́dà di rírọ̀ lọ́sàn-án, kó tún le padà tí ọkọ̀ bá tutù. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì, kí ẹ lo irú tí wọ́n kọ sára ìdérí, DOT 3 tàbí DOT 4. Ẹ má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i láéláé, rọ́bà inú pọ́ǹpù á wú, á bàjẹ́.

Ọkọ̀ tó ń lo wáyà

Ìjàpá Volkswagen àti ọ̀pọ̀ Golf àtijọ́ nìyẹn. Wáyà lè máa já fọ́nrán-fọ́nrán nínú rọ́bà rẹ̀, kó há lónìí, kó yọ̀ǹda lọ́la. Nínú Golf, kí ẹnì kan máa tẹ pẹ́dà, kí ẹlòmíràn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wo ibi tí wáyà gbà kọjá. Bí irin ibẹ̀ bá ń mì, ó ti sán. Wáyà tuntun nìkan ò ní yanjú rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kọ sílẹ̀

Ọkọ̀ gbóná àbí ó tutù? Jíà wo ló kọ̀? Ṣé títẹ̀ léraléra tún un ṣe? Ariwo ńkọ́? Èyí tó ń dún nígbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà nìkan, báárìn kílọ́ọ̀ṣì ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Èyí tó ń dún ní fíríì, tó sì dákẹ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, inú jíà ni. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ nígbà tó ṣì gbóná, kí mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ wà á.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìkòkò ọ́ìlì kan náà ni bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì jọ ń lò. Bí ọ́ìlì ibẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, ẹ má ṣe gbé èrò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.