Rọ́bà Kékeré tí ń Jẹ Táyà Mọ́tò Wa

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá tí ẹ ní mọ́tò nílé, bí ọkọ̀ yín bá ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀ lábẹ́ nígbàkúùgbà tí ó bá bọ́ sínú kòtò, tí ẹ sì ti gbà lọ́kàn yín pé ogbó ni, ọ̀rọ̀ yín ni a mú wá lọ́sẹ̀ yìí.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìsẹ̀-Èkìtì ni mo ti rí i. Toyota Corolla ọdún 1998 ni ọkọ̀ wọn, tòkunbọ̀ ni wọ́n rà á. Òun ni ó ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé, òun kan náà ni ó ń gbé àpò gàrí àti èlùbọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Láàárín ọdún kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pààrọ̀ táyà iwájú. Bí ènìyàn bá dúró níta, táyà náà dára lójú. Ṣùgbọ́n bí ó bá bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti inú, yóò rí i pé wáyà ti yọ síta. Ni ó bá di ìjà. Baálé ní ẹrù aya òun ni ó ń pa ọkọ̀. Ìyàwó ní eré àsápajúdé ọkọ òun ni. Owó tí ìyá yìí ìbá fi kún ọjà rẹ̀ ni ó sì ń bá táyà lọ.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀kì ni. Wọ́n ra ṣọ́ọ̀kì méjì, ìró kò lọ. Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ń bọ̀ láti Èmùré, ewúrẹ́ kan já sójú títì. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ bíréèkì, ọkọ̀ sì fà sí òsì bí ẹni pé ẹnìkan já sítíárì gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ mẹ́ta ni ó wà lẹ́yìn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, inú koríko ni wọ́n bá ara wọn.

Mẹkáníìkì kejì, ní Ìkẹ́rẹ́, kò dárúkọ ohun tí wọn yóò rà kí ó tó wo abẹ́ ọkọ̀. Ó gbé e sókè, ó fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, ó sì ti igi gbọọrọ méjì bọ abẹ́ rẹ̀, nítorí kò sí ọlọ́gbọ́n tí ń wọ abẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ó wá fi irin gígùn kan wọ́ apá irin tí ó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ ara ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní áàmù. Áàmù náà ń mì bí eyín ọmọ ọdún méje. Ó pè wá kí a wá fi ojú ara wa rí i.

Búṣì ni ó ti kú. Òrùka irin méjì ni búṣì, ọ̀kan nínú èkejì, rọ́bà sì wà láàárín wọn tí ó lẹ̀ mọ́ méjèèjì. Bóòtù gba inú òrùka kékeré kọjá, ó sì há a mọ́ ara ọkọ̀ pinpin. Nígbà tí táyà bá gòkè tàbí tí ó bá sọ̀ kalẹ̀, kò sí irin tí ń yí lórí irin. Rọ́bà náà ni ó ń lọ́, tí ó sì ń padà sípò. Áàmù kan ní méjì irú rẹ̀. Bí ó bá ya, táyà kò dúró lójú kan mọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ni yóò máa họ ilẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì Kútọnu àti Lọ́mẹ́ ń pè é ní silentbloc lédè Faransé, ìyẹn ni pé ohun tí ń pa ariwo.

Láyé ìgbà tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, èyí tí ó wà ní British Museum nísinsìnyí, ó gbẹ́ òyìnbó aláṣẹ kan sí i lára, tí àwọn ènìyàn gbé e dání. Èjìká àwọn tí ó gbé e ni búṣì ìgbà náà!

Rọ́bà tí kò tíì sè a máa yọ́ nínú oòrùn, a sì máa gan nínú òtútù. Charles Goodyear ará Amẹ́ríkà ni ó rí i ní 1839 pé bí a bá po imí-ọjọ́ mọ́ ọn, tí iná sì mú un, yóò lágbára, yóò sì máa nà. Síbẹ̀ ọ̀tá rẹ̀ kò lọ: ooru, ọjọ́ orí, àti epo. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò da ọ́ìlì tàbí gírísì sí búṣì kí ariwo lè dákẹ́, ẹ má gbà fún un. Ariwo lè dákẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo yóò jẹ rọ́bà náà di ẹlẹ́tẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń jo ọ́ìlì sí i lórí, ẹ dí ibẹ̀ kí ẹ tó ra tuntun.

Ọ̀nà àtúnṣe pọ̀ lójú pópó. Àwọn kan a gé táyà àtijọ́ wé e. Àwọn kan a gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, kí ó gbẹ́ èyí tí ó le sí i. Ìyẹn kì í tètè jẹ, ṣùgbọ́n gbogbo gbọ̀ngbọ̀n títì ni yóò máa bọ́ sára yín. Àwọn mìíràn a lọ sí Ládípò ní Múṣin láti ra áàmù tòkunbọ̀. Èmi kò rí ọgbọ́n nínú ìyẹn, nítorí rọ́bà inú rẹ̀ lè ti gbó bí ti ẹni tí ó lọ rà á. Ẹ ra búṣì tuntun, ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà yọ ti àtijọ́ náà ṣe pàtàkì. Àwọn kan a dáná sun rọ́bà náà, wọn a sì fi òòlù lu èyí tí ó kù jáde. Báyìí ni áàmù ṣe ń wọ́, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún ọmọdé. Ẹ̀rọ tí ń tẹ nǹkan ni mẹkáníìkì tiwa lò. Ó wo bí ti àtijọ́ ti kọjú sí kí ó tó yọ ọ́, nítorí òmíràn ní ibi tí ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí. Omi ọṣẹ ni ó fi pa tuntun lára kí ó lè wọlé.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò fún bóòtù le tán nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ ná, ó jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró, kí ó tó wọ abẹ́ lọ fún un pinpin. Bí a bá fún un nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì lókè, rọ́bà yóò ti lọ́ kí ọkọ̀ tó rìn rárá, kò sì ní pẹ́ ya. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dúró tì í títí ó fi ṣe é tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì, èyí tí wọ́n ti ṣe lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀ lásán, nítorí kò sí bí táyà yóò ṣe dúró gbọn-in lórí búṣì tí ó ti ya.

Oṣù mẹ́jọ ti kọjá báyìí. Táyà iwájú kan náà ni ó ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ inú àti ẹ̀gbẹ́ òde dọ́gba. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kó búṣì àtijọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì ní ìsọ̀ rẹ̀, ó fi wọ́n tẹ ìwé gbèsè àwọn oníbàárà kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ.