Àtijọ́ àbí àtúnṣe? Ìjà lórí géèmù Resident Evil ò tíì tán o

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń gbá géèmù, tó jẹ́ pé bí ẹni tí kò mọ̀dí ẹ̀ bá dé bá wọn, á rò pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni wọ́n ń fà. Ẹ sáà ti dárúkọ Resident Evil, kẹ́ ẹ wá béèrè pé èwo ló dáa jù, ṣé èyí tó jáde láyé àtijọ́ ni àbí èyí tí wọ́n tún ṣe. Kíá lẹ máa rí àgbàlagbà tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, tó níyàwó nílé, tí yóò máa na ìka sójú ẹlẹgbẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ orúkọ náà nínú fíìmù nìkan, ìyẹn àwọn fíìmù tí Milla Jovovich bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́dún 2002, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ là á yé yín. Géèmù ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ Capcom, nílùú Osaka, lórílẹ̀-èdè Japan, ló ṣe é, oṣù kẹta ọdún 1996 ló sì jáde fún PlayStation àkọ́kọ́. Biohazard ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ọ tiwọn, ṣùgbọ́n nígbà tó ń lọ s'Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé àwọn mìíràn ti ń jẹ́ orúkọ yẹn níbẹ̀, àwọn olórin kan tiẹ̀ wà nínú wọn, ni wọ́n bá pa á dà.

Ìtàn ẹ̀ ò le. Iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Umbrella ń ṣe oògùn lójú ayé, ó ń ṣe kòkòrò àrùn lábẹ́lẹ̀. Àrùn yẹn já jáde nílùú Raccoon City, l'Amẹ́ríkà, ni àwọn òkú bá bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, wọ́n ń jẹ ẹran ara èèyàn. Ẹ má pè wọ́n ní akúdàáyà o. Akúdàáyà tiwa, ìlú mìíràn ló ń lọ, á fẹ́yàwó síbẹ̀, á máa ṣòwò ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Àwọn tibí yìí ò mọ̀ ju kí wọ́n géèyàn jẹ lọ. Sọ́ḿbì ni wọ́n, ọ̀rọ̀ tí Fẹlá ti jẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ láti 1976.

Ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ni bí géèmù àkọ́kọ́ yẹn ṣe ń dẹ́rù bani tó. Kì í ṣe pé àwòrán ẹ̀ dáa. Ojú àwọn èèyàn inú ẹ̀ dà bíi páálí tí wọ́n ká, òyìnbó tí wọ́n ń sọ sì ń pani lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Shinji Mikami, ọ̀gá tó darí iṣẹ́ náà, mọ ohun tó ń ṣe. Kámẹ́rà ẹ̀ ò kúrò lójú kan, òkè igun ilé ló máa ń wà, o ò ní rí ohun tó wà nínú kọ̀rọ̀, ìró ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ lo máa gbọ́. Ọta ìbọn ò tó nǹkan. Bó bá jẹ́ Chris Redfield lo mú, nǹkan mẹ́fà péré lo lè gbé dání. Bó bá jẹ́ Jill Valentine ni, mẹ́jọ. Bó o bá fẹ́ fi ibi tó o bá eré dé pamọ́, àfi kó o rí tapuráítà, kó o sì ní ríbọ́ọ̀nù ẹ̀ lọ́wọ́. Tí ríbọ́ọ̀nù bá tán, ó tán nìyẹn. Kódà, ilẹ̀kùn tó máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn kó o tó wọ yàrá mìíràn, wọ́n fi ń dá ẹ dúró ni kí ẹ̀rọ náà lè ráyè ka ohun tó wà lórí sídìì. Ṣùgbọ́n àyà èèyàn á ti já kó tó ṣí tán.

Àìní ló ń dẹ́rù bani nínú géèmù yẹn, kì í ṣe ẹran ara tó ń jẹrà. Ibẹ̀ ni mo dúró lé tí mo fi máa dájọ́ àwọn tó kù.

Ohun kan tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń pariwo pé àtúnṣe ń ba nǹkan jẹ́, wọn ò mọ̀ pé àtúnṣe ni Resident Evil fúnra ẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ jẹ́. Lọ́dún 1989, Capcom ṣe géèmù kan tó ń jẹ́ Sweet Home, nípa ilé ńlá kan tí iwin ń gbé. Tokuro Fujiwara ló darí ẹ̀. Fujiwara yìí kan náà ló gbé iṣẹ́ fún Mikami pé kó mú èrò inú Sweet Home, kó fi ṣe tuntun fún ẹ̀rọ ìgbàlódé. Ilẹ̀kùn tí mo ń sọ lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ló ti wá.

Mikami kan náà ló padà tún ilé ara ẹ̀ kọ́ lọ́dún 2002, fún ẹ̀rọ GameCube ti Nintendo. Ẹ wo ohun tó ṣe. Kò yọ kámẹ́rà tó dúró lójú kan, kò yọ tapuráítà, kò fi ọta kún ọta. Àwòrán ló tún yà, ó wá fi ìyà tuntun kún un. Sọ́ḿbì tó o bá pa, tó ò bá dáná sun ún tàbí kó o fọ́ ọ lórí, á tún dìde tó bá yá, ara ẹ̀ á pọ́n wẹ̀ẹ̀, eré ló sì máa sá bọ̀. Kẹrosíìnì tó wà nílẹ̀ ò lè sun gbogbo wọn láé. Ìwọ lo máa jókòó ro èyí tó o máa sun àti èyí tó o máa fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó tún fi ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lisa Trevor sí i, tí Umbrella fi ń dán oògùn wò láti kékeré títí tó fi di ohun tí èèyàn ò lè wò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó mọ ilé àtijọ́ yẹn dénú, á rò pé òun mọ̀nà, tuntun yẹn á kàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Síbẹ̀, kò tà tó bí wọ́n ṣe retí nígbà yẹn. Ọdún 2015 tí wọ́n nù ún dán fún àwọn ẹ̀rọ tuntun ló tó tà dáadáa.

Ká wá bọ́ sórí ìkejì, níbi tí àwọn àgbà ti máa ń bínú. Hideki Kamiya ló darí ti 1998. Kó tó jáde, wọ́n ti ṣe kan dé ibi tó jìnnà, wọ́n wò ó, kò wù wọ́n, wọ́n dà á nù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i pé àwọn èèyàn yìí ò fi iṣẹ́ ṣeré. Leon Kennedy ni ọlọ́pàá tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó dé àgọ́ ọlọ́pàá, sọ́ḿbì ló kún ibẹ̀. Claire Redfield ń wá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Chris ní tiẹ̀. Sídìì méjì ni. Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé bí ẹni àkọ́kọ́ bá kó wọn nílẹ̀, ẹni kejì ò ní bá wọn níbẹ̀.

Ti 2019 gbé kámẹ́rà wá sẹ́yìn èjìká. Àwọn àgbà ní ẹ̀rù ti tán nìyẹn, nítorí èèyàn ti ń rí iwájú. Irọ́ ni! Inú àgọ́ ọlọ́pàá yẹn ṣókùnkùn dé ibi tó jẹ́ pé iná tọ́ọ̀ṣì nìkan lo ní. Sọ́ḿbì kan lè gba ọta márùn-ún sórí kó tún máa bọ̀. Òmìrán kan wá wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mr. X, tó wọ kóòtù, tó dé fìlà. Nínú ti àtijọ́, apá kejì ìtàn ló ti ń yọjú, ó sì níbi tó ń yọ sí. Nínú tuntun, ó ń wá ẹ kiri gbogbo ilé ni. O máa wà nísàlẹ̀, o máa gbọ́ bàtà ẹ̀ lókè: gbì, gbì, gbì. O fẹ́ tẹ tapuráítà, ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n. Lóòótọ́, wọ́n ba ìtàn ẹlẹ́ni méjì yẹn jẹ́: ohun tí Leon ṣe àti ohun tí Claire ṣe ò bára mu mọ́, ọ̀tá kan náà làwọn méjèèjì ń pa níbì kan náà. Iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyẹn, mi ò ní bò wọ́n láṣìírí. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan, ti 2019 ni màá mú, torí pé ó mọ ohun tó yẹ kó dá sí.

Ìkẹta ńkọ́? Háà. Oṣù kẹrin ọdún 2020 ni àtúnṣe ti géèmù ọdún 1999 yẹn jáde, dọ́là 60 ni wọ́n ń tà á nígbà náà. Ẹni tó ń gba owó oṣù ní náírà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àwọn kan gbé e dé alẹ́, wọ́n parí ẹ̀ láàárín bíi wákàtí mẹ́fà. Ilé aago tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ géèmù yẹn, wọn ò jẹ́ kéèyàn wọ inú ẹ̀ mọ́. Ọgbà ìgbafẹ́ ìlú, kò sí. Ibi tí géèmù ti máa ń dá eré dúró tó máa ní kó o yan ohun tó o fẹ́ ṣe kíákíá, wọ́n yọ ọ́. Nemesis fúnra ẹ̀, abàmì tó máa ń já ilẹ̀kùn tẹ̀ lé èèyàn láti yàrá dé yàrá, wọ́n sọ ọ́ di bíi òṣèré orí ìtàgé, tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá pè é ló ń jáde. Ó dára lójú, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ó dáa ju ti àtijọ́ lọ, kó lọ gbá ti àtijọ́ ná.

Ìkẹrin lọ̀rọ̀ ti le jù. Capcom gbìyànjú ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ń dà á nù. Ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n dà nù ló di Devil May Cry lọ́dún 2001. Nígbà tí Mikami gbé e jáde ní 2005, òun ló kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà sẹ́yìn èjìká Leon, àwọn tó ṣe Dead Space àti Gears of War sì wo àwòkọ́ṣe lára ẹ̀. Wọ́n ròyìn nígbà yẹn pé Mikami ní bí géèmù náà bá kúrò lórí GameCube, òun máa gé orí òun. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti dé orí PlayStation 2. Orí bàbá ṣì wà lọ́rùn ẹ̀ o.

Abúlé kan ní Sípéènì ló ti ṣẹlẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n ń gbé àkàbà ti fèrèsé. Bó o bá na ìbọn, o ò lè rìn. Ohun tó ń dáyà jáni gan-an nìyẹn: o dúró gbagidi, wọ́n ń bọ̀. Ti 2023 ní kí Leon máa rìn kó sì máa yìn ín, ó tún lè fi ọ̀bẹ gba ayùn ẹlẹ́ńjìnnì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀bẹ náà máa ń kán. Ashley, ọmọ ààrẹ Amẹ́ríkà tí Leon wá gbà sílẹ̀, ti di èèyàn gidi nínú ẹ̀, kì í ṣe ẹni tó kàn ń ké orúkọ Leon kiri. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ inú ti àtijọ́ ti dín kù, ẹsẹ̀ tó dúró gbagidi yẹn ò sì sí mọ́. Èmi ò lè fi 2005 sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn lọ́dún 2024, nígbà tí ilé ìtajà GOG gbé mẹ́ta àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe wà látijọ́, padà fún kọ̀ǹpútà òde òní. Títí di ìgbà yẹn, ẹni tó fẹ́ rà wọ́n fún kọ̀ǹpútà tuntun ò rí wọn rà. Ta ló lè dájọ́ nígbà tí wọ́n ti ti ẹlẹ́rìí kan mọ́lé?

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sí abúlé Sípéènì yẹn díẹ̀. Owó pesetas ni wọ́n ń ná níbẹ̀, owó tí Sípéènì ti pa tì ní 2002. Èdè ibẹ̀ ni wọ́n sì ń sọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ará Mexico ṣe ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká ní ó ṣèèṣì. Nígbà tó wá kan ìkarùn-ún, ní 2009, ọ̀dọ̀ tiwa ni wọ́n wá.

Kijuju lorúkọ ìlú náà, ìlú àfẹnudá ni, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n sì ní ó wà. Chris Redfield, òyìnbó alápá bí ọdẹ̀dẹ̀, ló ń yìnbọn pa àwọn adúláwọ̀ láàárín ọjà. Láti 2007 tí wọ́n ti fi díẹ̀ han aráyé làwọn èèyàn ti ń sọ pé kò bójú mu. Ọ̀pọ̀ wa gbá a láì bìkítà, torí pé èèyàn méjì lè jọ gbá a lórí tẹlifíṣàn kan, ìyẹn sì dùn. Àìmọye ẹ̀dà ẹ̀ ni wọ́n tà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Majini ni wọ́n ń pe àwọn tí àrùn mú níbẹ̀, Swahili sì ni wọ́n ń sọ! Swahili, èdè Kenya àti Tanzania, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣé wọ́n á jẹ́ kí ọlọ́pàá Raccoon City máa sọ èdè Rọ́ṣíà? Nígbà tí Chris wọ inú àbàtà, àwọn tó pàdé rẹ̀ dé ìbòjú, wọ́n ró koríko, wọ́n mú ọ̀kọ̀. Yàtọ̀ sí Sheva Alomar tó ń bá Chris ṣiṣẹ́ àti Josh Stone, ọmọ Áfíríkà mélòó lẹ rántí orúkọ ẹ̀ nínú géèmù yẹn? Raccoon City kún fún lẹ́tà àti ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó gbébẹ̀, tí èèyàn ń kà tí àánú wọn ń ṣeni.

Nítorí náà, bí Capcom bá máa tún ìkarùn-ún ṣe, èmi ò bẹ̀ wọ́n pé kí àwòrán dán. Kí wọ́n wá ẹni tó mọ bí ọjà wa ṣe ń dún. Kí àwọn ará ibẹ̀ sọ èdè tí wọ́n ń sọ ní sàkáání ibi tí wọ́n ní ìlú náà wà. Kí èèyàn rí ìwé tí ìyálọ́jà kan kọ kí àrùn tó mú un, kó mọ orúkọ ẹ̀ àti ohun tó ń tà. Kí òkùnkùn sì padà, nítorí òòrùn tó mú gan-an ni wọ́n fi ṣe ti 2009, ọta sì pọ̀ bí erùpẹ̀. Kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ́ Sheva náà bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọta ná. Bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀, obìnrin yẹn lè fi ewé ìwòsàn tó o tọ́jú fún ọ̀gá ńlá sórí ojú egbò tí kò tó ti abẹ́rẹ́.