Ta Ló Dá Káńsù Southwark Sílẹ̀?

Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Peckham mọ káńsù Southwark bí ẹní mowó: òun ló ń gba káńsù tásì, òun ló ń kó ìdọ̀tí, òun ló sì ni ọ̀pọ̀ ilé tí àwọn èèyàn wa háyà. Nítorí pé orúkọ Southwark ti pẹ́, èèyàn lè rò pé káńsù náà bá ìlú dàgbà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1965 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn tí òfin ọdún 1963 da Southwark àtijọ́, Bermondsey àti Camberwell pọ̀. Lójú tèmi, ohun méjì ló bí i: ẹ̀gbin, àti ìfura tí àwọn aláṣẹ Westminster ní sí London.

Ẹ̀gbin ló ṣáájú. Nígbà àjàkálẹ̀ kọ́lẹ́rà ọdún 1854, iléeṣẹ́ omi Southwark and Vauxhall ṣì ń fa omi odò Thames ní Battersea, níbi tí ẹ̀gbin ìlú ń ṣàn sí. Iléeṣẹ́ Lambeth ti gbé ojú ibi tó ti ń fa tirẹ̀ lọ sókè odò láti 1852. Àdúgbò kan náà ni páìpù àwọn méjèèjì gbà kọjá. Dókítà John Snow ka òkú: nínú ilé 10,000 tó ń mu omi Southwark and Vauxhall, èèyàn 315 kú, nínú iye ilé kan náà tó ń mu ti Lambeth, 37 péré. Àwọn aláṣẹ kò gbà pé omi ló fà á (òórùn ni wọ́n ń bá jà), ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé ìlú wà ní mímọ́. Òfin ọdún 1855 gbé kòtò ẹ̀gbin ńláńlá lé ìgbìmọ̀ kan fún gbogbo London lọ́wọ́, ó sì fi ojú títì àti gọ́tà kéékèèké sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ àwọn párìṣì. Inú àwọn ìgbìmọ̀ párìṣì wọ̀nyí ni ìjọba Lord Salisbury ti yọ káńsù 28 jáde ní 1899, Southwark àtijọ́, Bermondsey àti Camberwell wà lára wọn, kí agbára má baà jẹ́ ti káńsù àgbà London nìkan, èyí tó ti rọ́pò ìgbìmọ̀ gbogbo London, tí àwọn alátakò Salisbury sì ti gbà.

Ìtàn náà tún ara rẹ̀ sọ. Láti 1934 ni Labour ti di káńsù àgbà náà mú, ìjọba Conservative ló sì tú u ká. Àwọn kan yóò ní ẹ̀sùn lásán nìyẹn, pé London ti tàn kọjá ààlà rẹ̀, àti pé ìgbìmọ̀ Edwin Herbert ló dámọ̀ràn àtúntò. Òtítọ́ ni, àtúntò yẹ. Ṣùgbọ́n káńsù 52 ni Herbert dámọ̀ràn. 32 ni ìjọba fọwọ́ sí, ààlà tuntun náà sì kó àwọn olùdìbò ìgbèríko tó fẹ́ràn Conservative wọlé. Ìṣirò náà kò tilẹ̀ ṣẹ: nínú ìjókòó 100 ti káńsù àgbà tuntun tó rọ́pò ti àtijọ́, Labour kó 64 ní 1964.

Àtakò kejì le díẹ̀: ṣebí Southwark ti ń rán aṣojú lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti 1295? Ó ń rán wọn, àmọ́ aṣojú kì í ṣe káńsù. Ní 1550, City of London ra àṣẹ lórí àdúgbò náà lọ́wọ́ ọba Edward Kẹfà. Bí a bá ń wá káńsù tí ará àdúgbò sọ di tiwọn, Bermondsey ni ká wò. Labour gbà á ní 1922, Ada Salter di olórí ìlú, obìnrin àkọ́kọ́ nípò bẹ́ẹ̀ ní London. Wọ́n gbin igi sí ojú títì, wọ́n wó ilé jẹ́gẹjẹ̀gẹ, wọ́n kọ́ tuntun. Òun ni 1965 gbé mì. Orúkọ Southwark ni wọ́n fún ọmọ tuntun náà, gbọ̀ngàn Camberwell ní Peckham Road ni wọ́n fi ṣe ilé rẹ̀. Ní 1986, ìjọba Thatcher tún pa káńsù àgbà tuntun náà rẹ́, iṣẹ́ púpọ̀ já lé Southwark léjìká, ilé-ìwé sì tẹ̀ lé e ní 1990. Kò sí èyí tí wọ́n ní kí ará àdúgbò wá dìbò sí nínú gbogbo rẹ̀.