Ògiri Tí Ó Lanu: Ewu Inú Àwọn Àlẹ̀mọ́ Kọ̀ǹpútà àti Ìdí Tí A Fi Ní Láti Wá Ọ̀nà Mìíràn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ tí olùkọ́ wa àgbà kan pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní kí n bá òun ṣí ẹ̀kọ́ ohùn Yorùbá tí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ṣe sínú kọ̀ǹpútà ní ọdún 2008. Bí ènìyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀kọ́ náà, kọ̀ǹpútà yóò pè é síta, àmì ohùn yóò sì máa gòkè, yóò máa sọ̀ kalẹ̀. Mo gbìyànjú títí, ẹ̀kọ́ náà kò ṣí. Bàbá wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé iṣẹ́ ọdún méjì ni ó ṣègbé báyìí?" Ìbéèrè yẹn ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí.

Kí ni àlẹ̀mọ́?

Browser ni orúkọ ètò tí a fi ń wo ayélujára. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ àti àwòrán tí kò mira ni ó mọ̀ ọ́n fi hàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo fíìmù tàbí kí ó ta ayò níbẹ̀ ní láti wá ètò tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ browser rẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀, tí a mọ̀ sí plug-in, ni mo pè ní àlẹ̀mọ́. Èyí tí ó lókìkí jù ni Flash, tí ó jáde ní 1996, tí ó sì bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Adobe ní 2005. Java náà ní àlẹ̀mọ́ tirẹ̀. Flash ni wọ́n fi ṣe ẹ̀kọ́ olùkọ́ wa.

Níbo ni ògiri ti lanu?

Kọ̀ǹpútà máa ń fún ètò ní àyè tí yóò kó ẹrù sí. Bí ètò bá lo àyè náà tán, ó yẹ kí ó gbàgbé ọ̀nà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó kọ ètò náà bá ṣe àṣìṣe, ètò yóò tún padà síbẹ̀, bí ayálégbé tí ó ti kó jáde ṣùgbọ́n tí ó ṣì ń lọ bu omi mu nínú ìkòkò àtijọ́. Olè tí ó mọ àṣìṣe yìí yóò ti bu májèlé sínú ìkòkò dè é. Báyìí ni àṣẹ olè ṣe ń di àṣẹ kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ni ín kò ṣe ju pé ó ṣí ojú-ewé kan lọ.

Nítorí pé àlẹ̀mọ́ kan náà ni ó wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà, kọ́kọ́rọ́ kan ń ṣí ọ̀kẹ́ àìmọye ilé. Ní 2011, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ RSA ní Amẹ́ríkà ṣí fáìlì Excel tí wọ́n ti fi Flash há inú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ń ta ààbò fún àwọn ẹlòmíràn ni olè wọ̀ yẹn. Ní 2012, ètò aṣebi tí a ń pè ní Flashback gba ihò Java wọ inú kọ̀ǹpútà Mac tí ó lé ní 600,000. Ní Oṣù Keje 2015, àwọn kan tú àṣírí Hacking Team, ilé-iṣẹ́ Ítálì tí ń ta ohun èlò ìṣamí fún àwọn ìjọba. A wá rí i pé wọ́n ti mọ àwọn ihò inú Flash tí Adobe fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Kí ọjọ́ mélòó kan tó kọjá, àwọn olè ti ń lò wọ́n.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Ṣebí Adobe ń dí ihò náà?" Ó ń dí i, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń dí ọ̀kan ni òmíràn ń ṣí. Àwọn olè tilẹ̀ sọ àtúnṣe di ẹ̀tàn: ní Oṣù Kẹwàá 2017, Bad Rabbit da aṣọ àtúnṣe Flash bora, ó sì ti fáìlì àwọn ènìyàn pa ní Rọ́ṣíà àti Ukraine.

Ọ̀nà mìíràn

Ní Oṣù Kẹwàá 2014, wọ́n parí ìlànà HTML5, èyí tí ó jẹ́ kí browser lè fi fíìmù, ohùn àti àwòrán tí ń rìn hàn láìlo àlẹ̀mọ́. Gbangba ni ìlànà náà wà. Ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó sì tẹ̀ lé e. N kò sọ pé browser kò ní ihò o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilẹ̀kùn dín kù, àwọn aṣọ́nà sì pọ̀ sí i.

Adobe fúnra rẹ̀ dẹ́kun ìtọ́jú Flash ní ìparí 2020. Láti ọjọ́ 12 Oṣù Kìn-ín-ní 2021, Flash kò ṣí nǹkan mọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wó ilé tí olè ń wọ̀, ẹrù olùkọ́ wa wà nínú rẹ̀.

Mo padà lọ bá Bàbá pẹ̀lú Ruffle, ètò ọ̀fẹ́ kan tí ó lè ṣí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Flash láìlo Flash. Ohùn jáde, àmì gòkè, ó sọ̀. Apá ìdánwò nìkan ni kò ṣiṣẹ́. Inú Bàbá dùn, ṣùgbọ́n wọ́n mi orí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń gba oríkì, àlọ́ àti ìjálá sílẹ̀, ẹ má ṣe fi iṣẹ́ yín sínú àpótí tí ẹnì kan ṣoṣo ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ tọ́jú ohùn àti ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, ní irú fáìlì tí oríṣiríṣi ètò lè ṣí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.