Mo ti lé ní ogójì ọdún: kí ni mò ń wá nídìí ánímè ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ẹnì kan tó gbé iṣẹ́ fún mi pè mí, ó ní kí n bá òun tún ìwé kan kà kíákíá. Mo ní kó fún mi ní wákàtí kan. Ó ní, "Ṣé ẹ wà ní ìpàdé ni?" Mi ò parọ́ fún un. Mo ní, "Rárá o, ánímè ni mo fẹ́ wò." Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n? Kàtúùnù ọmọdé?"

Mo jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń kà á báyìí, mo mọ̀ pé wọ́n ti bi yín ní irú ìbéèrè yìí nílé rí, pàápàá tí dátà bá tán, tí ẹ tún lọ tọrọ owó lọ́wọ́ Mọ́mì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé nǹkan mẹ́ta lónìí: bí sáà ánímè ṣe ń lọ ní Japan, bí mo ṣe rí mẹ́rin nínú àwọn tó ń lọ lọ́wọ́ ní Oṣù Kejì ọdún 2024, àti ìdí tí ọ̀kan nínú wọn kò fi jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wò ó.

A ti ń wò ó kí a tó mọ orúkọ rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ má sọ pé ẹ ò wo ánímè rí. Ṣé ẹ rántí Superbook? Chris, Joy, àti róbọ́ọ̀tì kékeré tó ń jẹ́ Gizmo, tí ìwé máa ń gbé wọn lọ sí ayé inú Bíbélì? Ilé kan ṣoṣo làwa ọmọ àdúgbò wa ti ń wò ó, orí sìmẹ́ńtì la máa ń jókòó sí. Àwọn òbí wa fẹ́ràn ẹ̀ torí pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Ohun tí wọn ò mọ̀, tí èmi náà ò mọ̀ títí mo fi dàgbà, ni pé iléeṣẹ́ Tatsunoko ní Japan ló yà á lọ́dún 1981, fún iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n onígbàgbọ́ kan ní Amẹ́ríkà. Ánímè ni Superbook. Àwọn òbí wa ló fi ọwọ́ ara wọn tan án fún wa.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tó wà ní yunifásítì, ló dá mi padà sídìí ẹ̀. Ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá, ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Àǹkù, ẹ wo apá kìíní yìí péré. Tí kò bá dùn mọ́ yín, mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́." Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń yọ òun lẹ́nu.

Dánfó tí wọ́n dáwó rà

Kì í ṣe ìgbà tó bá wu iléeṣẹ́ ni ánímè máa ń jáde. Wọ́n pín ọdún sí sáà mẹ́rin: èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kìíní, ti Oṣù Kẹrin, ti Oṣù Keje àti ti Oṣù Kẹwàá. Sáà kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́ta, apá kan lọ́sẹ̀ kan. Nítorí náà, apá 12 tàbí 13 ló sábà máa ń wọnú sáà kan. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ánímè kan ní apá 24, sáà méjì ló gbà. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti kọ́kọ́ jáde gẹ́gẹ́ bíi mángà, ìyẹn ìtàn aláwòrán inú ìwé, tàbí gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtàn lásán.

Ta ló ń sanwó ẹ̀? Iléeṣẹ́ tó ń tẹ mángà, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, àwọn tó ń ta orin, àwọn tó ń ṣe ohun ìṣeré, gbogbo wọn á dáwó jọ, bí ìgbà tí ọ̀rẹ́ mẹ́rin bá dáwó ra dánfó kan. Èrè tó bá wọlé, wọ́n á pín in bí kálukú ṣe dáwó sí. Iléeṣẹ́ tó ń ya àwòrán gan-an wá ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, awakọ̀ ni. Wọ́n á san owó iṣẹ́ fún un, ó parí. Bí dánfó náà bá kó èrò dé òkè òkun, tí awakọ̀ kò bá dáwó sí i, kò sí ìpín fún un níbẹ̀.

Àwọn ayàwòrán ló tún wà nísàlẹ̀ awakọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba owó oṣù. Iye àwòrán tí wọ́n bá yà ni wọ́n ń gbowó lé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń ya àwọn àwòrán àárín, èyí tó ń jẹ́ kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rìn láti ibì kan dé ibòmíràn, lè gba nǹkan bíi 200 yẹ́ẹ̀nì lórí ẹyọ kan. Apá kan ṣoṣo, tí kò tó ìdajì wákàtí, lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán. Èmi tí wọ́n ń sanwó fún ní iye ọ̀rọ̀ tí mo bá kọ, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé ìyẹn fún mi. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2023, àwọn kan lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ìpele kejì Jujutsu Kaisen ké síta lórí X pé àsìkò tí wọ́n fún àwọn kò tó rárá. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí ìjà tó gbóná, tẹ́ ẹ pariwo "Ha!", ẹ rántí pé ẹnì kan ló jókòó yà á.

Mẹ́ta tí mò ń fi ṣe fàájì

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí Solo Leveling, torí mo mọ̀ pé òun lẹ ti ń retí. South Korea ni ìtàn náà ti wá, iléeṣẹ́ A-1 Pictures ló sọ ọ́ di ánímè, Oṣù Kìíní ọdún 2024 ló sì bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ ni Sung Jinwoo, òun ni kò lágbára jù nínú gbogbo àwọn ọdẹ tó ń wọ inú ẹnu ọ̀nà àràmàǹdà lọ pa àwọn ẹranko abàmì. Ìyá rẹ̀ wà ní ọsibítù, owó ló ń wá. Lọ́jọ́ kan ó bọ́ lọ́wọ́ ikú, ó wá ní agbára kan tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn: bó ṣe ń jà ló ń lágbára sí i, bíi ti géèmù. Ọmọ àbúrò mi ní kò sí èyí tó dùn tó o. Mi ò jiyàn pé ìjà rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ìgbà tí kò lágbára ni mo fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tó sì ń lọ síbi iṣẹ́ nítorí owó oògùn ìyá rẹ̀, mo mọ irú wọn púpọ̀. Bó ṣe ń lágbára sí i ni mi ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Èkejì ni Delicious in Dungeon, tí àwọn ará Japan ń pè ní Dungeon Meshi. Iléeṣẹ́ Trigger ló ṣe é láti inú mángà Ryoko Kui, ẹ lè rí i lórí Netflix. Dírágónì pupa gbé àbúrò Laios mì nínú ihò ńlá kan lábẹ́ ilẹ̀. Laios àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ padà lọ yọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sówó oúnjẹ lọ́wọ́ wọn. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ń pa àwọn ẹranko abàmì inú ihò náà jẹ. Aràrá kan tó ń jẹ́ Senshi ló ń dáná fún wọn, ó sì ń ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti fi álúmù fọ ìgbín rí títí omi yíyọ̀ rẹ̀ fi tán, kò ní rí nǹkan ẹ̀rù níbẹ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé bí wọ́n ṣe ń jẹun yẹn, ọmọbìnrin kan ṣì wà níkùn dírágónì, inú dírágónì náà sì lè da oúnjẹ rẹ̀ nígbàkigbà.

Ẹ̀kẹta ni The Apothecary Diaries, tó bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ìwé Natsu Hyūga ni wọ́n ti mú un, ìlú rẹ̀ sì jọ Ṣáínà ayé àtijọ́. Wọ́n jí Maomao, ọmọbìnrin tó mọ oògùn àti májèlé dáadáa, wọ́n tà á sí ààfin gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́. Ó bá a pé àwọn ọmọ jòjòló tí àwọn ayaba ń bí ń ṣàìsàn, wọ́n ń kú, àwọn kan sì ń pariwo pé èpè ni. Maomao wò ó títí, ó rí i pé àtíkè funfun tí wọ́n ń kùn sójú ló ń ṣe wọ́n: májèlé wà nínú ẹ̀.

Ìyẹn kì í ṣe ìtàn lásán. Òjé wà nínú irú àtíkè funfun bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, ní Ìlà Oòrùn àti ní Yúróòpù. Tìróò tí à ń lé sójú ọmọ nílẹ̀ wa náà, òkúta tó ní òjé nínú ni wọ́n sábà máa ń lọ̀ fún un. Nígbà tí mo wo apá yẹn tán, àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni mo pè. Mo ní kó gbé tìróò yẹn kúrò nílé.

Èyí tí kò jẹ́ kí n sùn

Ó wá ku Frieren. Ọjọ́ 29 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé apá mẹ́rin jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Iléeṣẹ́ Madhouse ló ṣe é, Keiichirō Saitō ló darí rẹ̀, mángà tí Kanehito Yamada kọ tí Tsukasa Abe sì ya ni wọ́n ti mú un. Aago 11 alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ní Japan nígbà náà, ìyẹn aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́dọ̀ wa. Ẹ bá mi bi ẹni tó ní kàtúùnù ọmọdé ni: ọmọdé wo ló ń wo tẹlifíṣọ̀n ní aago 11 alẹ́?

Ibi tí ìtàn mìíràn ti ń parí ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Frieren, Himmel akọni, Heiter àlùfáà àti Eisen jagunjagun ti rìn fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n ti pa ọba àwọn ànjọ̀nú, wọ́n ń darí bọ̀ wálé. Ẹ̀yà elf ni Frieren, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ọdún mẹ́wàá lójú ẹ̀ dà bí ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ lójú tiwa. Wọ́n jọ wo ìràwọ̀ tó ń já bọ́ lójú ọ̀run, ó ní ní 50 ọdún sí i òun máa mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti lè rí i dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tó padà dé, Himmel ti darúgbó, irun ti tán lórí ẹ̀. Wọ́n lọ wo ìràwọ̀ náà. Kò pẹ́ sígbà náà, Himmel kú.

Níbi ìsìnkú, àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé kò sunkún. Lẹ́yìn náà ni omi wá ń já bọ́ lójú ẹ̀. Ohun tó pa á lẹ́kún ni pé òun kò mọ nǹkan kan nípa ọkùnrin yìí. Ó mọ̀ pé ẹ̀mí èèyàn kì í gùn, kò sì wá àyè láti mọ̀ ọ́n. Látìgbà náà ló ti gbéra ìrìn àjò mìíràn, pẹ̀lú Fern ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Stark, ó ń lọ síbi tí wọ́n ní ọkàn àwọn òkú wà, kó lè bá Himmel sọ̀rọ̀. Lójú ọ̀nà, ó ń bá ère Himmel pàdé láti ìlú dé ìlú. Himmel ló ní kí wọ́n gbẹ́ wọn. Ẹ lè pè é ní ìgbéraga. Ṣùgbọ́n lára ìdí ẹ̀ ni pé kò fẹ́ kí Frieren dá wà lọ́jọ́ tí gbogbo àwọn tó kù bá ti kú.

Eré náà kì í kánjú. Èèyàn lè jókòó nínú ẹ̀ kó má sọ̀rọ̀, kí atẹ́gùn kàn máa fẹ́, kí orin Evan Call máa lọ lábẹ́lẹ̀. Inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ tèmi ti bá mi.

Mo ní ọ̀gá kan. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ ìròyìn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí jáde ní pólì. Ọdún mọ́kànlá la fi jọ ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà, tí a jọ ń jẹ àmàlà lọ́dọ̀ ìyá kan náà. Nígbà tí wọ́n kú, ìyàwó wọn ní èmi ni kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé ètò ìsìnkú, torí èmi ni mo sún mọ́ wọn jù, èmi ni mo sì mọ̀wé kọ. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo mọ irú àkọlé ìròyìn tí wọ́n fẹ́ràn. Mo mọ̀ pé wọn kì í jẹ ẹ̀wà. Mi ò mọ orúkọ ìyá wọn. Mi ò mọ ìlú tí wọ́n ti dàgbà. Mo ní láti pe àbúrò wọn obìnrin lórí fóònù, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni oríkì wọn?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Àkànní." Ó tún wá ní, "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá ni?"

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn èèyàn ń kí mi pé mo kọ ọ́ dáadáa. Lórí fóònù ni mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo kọ.

Bí mo ṣe wo apá kìíní Frieren tán lálẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn, ọmọ àbúrò mi ní, "Àǹkù, ṣé ó dùn?" Mo ní ojú ń ta mí, kó lọ sùn. Èmi ò sùn ní tèmi.

Apá 28 ni ìpele kìíní rẹ̀, ó parí ní Oṣù Kẹta ọdún 2024. Ní Oṣù Kejì ọdún yẹn, wọ́n ti dé ibi ìdánwò àwọn onídán, ìjà ti pọ̀ sí i, inú ọmọ àbúrò mi ń dùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí mo wò ó tán, tí mo sì ti fi iṣẹ́ oníṣẹ́ ránṣẹ́, mo pe olùkọ́ mi kan ní pólì, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní, "Ṣé kò sí o? Ṣé owó lo fẹ́ yá?" Mo ní rárá sà, mo kàn fẹ́ mọ ibi tí wọ́n bí wọn sí ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Káàdì mi tán kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nínú ìtàn náà. Màá pè wọ́n padà ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn Frieren.