Ìfiwéra Ẹ̀rọ Amúnáwá Oníbẹntiróòlù àti Onídísẹ́ẹ̀lì ní Àgbádárìgì

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àfiwé ẹ̀rọ amúnáwá méjì tí àwọn ará Àgbádárìgì ń lò nígbà tí iná ìjọba kò bá sí. Inú ẹ̀rọ ni ìyàtọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ló ń ṣáná sí bẹntiróòlù. Ṣùgbọ́n nínú irú ẹ̀rọ tí Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì, ṣe yọrí ní ọdún 1897, afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ títí ó fi gbóná janjan ló ń mú kí epo gbiná. Nítorí ìfúnpọ̀ yìí, irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn. Ìdí nìyí tó fi wúwo, tó sì wọ́n. Àmọ́ epo tó ń mu kò pọ̀ tó ti oníbẹntiróòlù bí iṣẹ́ wọn bá dọ́gba, ó sì máa ń tọ́jọ́.

Nítorí náà, owó ìrà nìkan kọ́ ni ó yẹ kí olùrà wò. Aránṣọ tí ń lo iná fún wákàtí díẹ̀ kò nílò onídísẹ́ẹ̀lì. Ilé-ìwòsàn tí ń lò ó tọ̀sán-tòru ni yóò jèrè rẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti fòpin sí owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù, ìṣirò yìí ti di dandan.

Ní ti ẹ̀mí, méjèèjì ló léwu. Èéfín wọn ní carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀ tàbí òórùn. Ti oníbẹntiróòlù ló sì pọ̀ jù. Èyíkéyìí tí a bá rà, ìta gbangba, níbi tó jìnnà sí fèrèsé, ni àyè rẹ̀.